Camry mi ń jẹ ọ́ìlì: ṣé kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni, àbí kí n tà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Camry Muscle 2007 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ ni mo rà á ní 2015. Olùkọ́ ni mí. Òṣogbo ni mò ń gbé, Iléṣà ni ilé ẹ̀kọ́ wa wà, àlọ àti àbọ̀ mi tó nǹkan bíi ọgọ́ta kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Láti bí ọdún kan ni ọkọ̀ yìí ti ń jẹ ọ́ìlì. Lítà kan ni mò ń bù sí i lọ́sẹ̀ méjì-méjì báyìí. Gíà rẹ̀ dáa, AC rẹ̀ ń tutù, bọ́dì rẹ̀ kò ní wàhálà. Mẹkáníìkì mi ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Àbúrò ọkọ mi ní òfò ni, ó ní kí n tà á, kí n yáwó ní kóópù kún un, kí n fi ra RAV4 2007 tàbí Corolla 2010. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe? Èmi ni Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrọ́jú ojú ọ̀nà Iléṣà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tí mò ń lọ bẹ̀rẹ̀: ẹ má ra ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì tíì ta ọkọ̀. Mẹkáníìkì yín àti àbúrò ọkọ yín ti ń kọ oògùn fún ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò.

Ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú Camry yín, 2AZ-FE ni wọ́n ń pè é, ìwà yìí sì ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde. Písítìnnì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ríìngì mẹ́ta. Méjì tó wà lókè ló ń dá agbára iná dúró kó má baà sá lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta tó wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ha ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà. Ọ́ìlì tó bá ha, ihò wẹ́wẹ́ kan wà lára písítìnnì tó máa gbà padà sísàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2007 sí 2009, àwọn ihò wọ̀nyẹn kéré jù, ẹ̀gbin dúdú tí iná ń fi sílẹ̀ a sì máa dí wọn díẹ̀díẹ̀. Tí ihò bá ti dí, ọ́ìlì kò rọ́nà sọ̀ mọ́. Iná á jó o pọ̀ mọ́ epo, á bá sálẹ́ńsà jáde.

Toyota fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣètò pé kí wọ́n pààrọ̀ písítìnnì àti ríìngì fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kùnà ìdánwò, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá jẹ ju kúọ́tì kan lọ, ìyẹn lítà kan ó dín díẹ̀, láàárín 1,200 máìlì, ó ti kùnà nìyẹn. 1,200 máìlì tó 1,930 kìlómítà. Tiyín ń jẹ lítà kan ní 600 kìlómítà. Ó ti fi ìlọ́po mẹ́ta kọjá ibi tí Toyota fàlà sí. Ètò yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀, kò sì dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìwàkuwà yín ló bà á jẹ́.

Ó yá, ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí ẹ lọ rà ní Ládípọ̀ ńkọ́? Inú ọkọ̀ wo ni wọ́n ti yọ ọ́? Inú Camry bíi tiyín ni, ọdún kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà, bóyá èyí tí ẹni tó ni ín fi sílẹ̀ nítorí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹni tó ń tà á á ní kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò. Ọ̀sẹ̀ kan yín kò ju 300 kìlómítà lọ, kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì tó máa jẹ́wọ́ láàárín ìyẹn tí wọ́n bá ti bu ọ́ìlì tó nípọn sí i. Nígbà tó bá fi máa jẹ́wọ́, owó ti wọ àpò, ẹ sì ti sanwó yíyọ àti dídè. Nọ́ńbà tuntun á tún wà lára ẹ́ńjìnnì tí kò bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu. Ẹ máa lọ ṣàtúnṣe rẹ̀ ní ọ́fíìsì láísẹ́ńsì, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì dáadáa, torí ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà, ẹnu lásán kò ní gbà yín.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín náà ní tirẹ̀ nínú. RAV4 2007 tó ń wí yẹn, tó bá jẹ́ oní-2.4, ẹ́ńjìnnì yín gan-an ló wà nínú rẹ̀. Ẹ máa yáwó lọ ra àìsàn tí ẹ ń sá fún. Corolla 2010 sàn jù, torí oní-1.8 ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀yà mìíràn sì ni ẹ́ńjìnnì yẹn. Ṣùgbọ́n oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní XRS wà láàárín wọn, ní 2009 àti 2010, tó jẹ́ 2.4, òun náà ọmọ ìyá Camry yín ni. Ẹni tó ń tà á á máa yangàn pé XRS ló lágbára jù. Kò parọ́, ó kàn gbé èyí tó kù mì ni.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan tó nípọn, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá ọkọ̀ yìí ń jẹ ọ́ìlì ni, àbí ó ń dà á nù. Ẹ fi páálí fẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́jú. Tí ọ́ìlì bá kán sí i, ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí ẹ́ńjìnnì tàbí síìlì ló ti gbó, owó rẹ̀ kò pọ̀. Tí páálí bá gbẹ, ẹ ní kí wọ́n yọ fáàfù PCV. Ohun kékeré kan ni, ó ṣe gbọọrọ bí ìka, ara ìdérí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń yí i mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ráyè jáde. Ẹ mì í sẹ́bàá etí. Tó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó wà láàyè. Tó bá dákẹ́, ó ti dí, ó sì lè máa fa ọ́ìlì lọ síbi tí kò yẹ. Ẹ ra tuntun. Mi ò ṣèlérí pé òun ló máa wò ó sàn, ṣùgbọ́n mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti dá ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ légbodò tán, tó jẹ́ pé fáàfù yìí nìkan ló ń bá a jà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ̀n ọ́n. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa sọ pé lítà kan lọ́sẹ̀ méjì, mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹ tó tan ọkọ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ẹ fa géèjì yọ, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tì í wọlé títí ó fi kanlẹ̀, kí ẹ tó tún un fà. Àmì méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ bu ọ́ìlì títí yóò fi kan ti òkè, kó má kọjá, torí àpọ̀jù náà ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ wá kọ nọ́ńbà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sínú ìwé. Ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn, ìṣirò wọn a sì dàrú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá bu ọ́ìlì, ẹ kọ iye tí ẹ bù àti nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Oṣù méjì tó.

Láàárín oṣù méjì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì kí ẹ tó bù ú. Kì í ṣe iye ọ́ìlì tó kù ni iná yẹn ń sọ. Agbára tí ọ́ìlì fi ń sáré nínú ẹ́ńjìnnì ló ń ṣọ́, nígbà tó bá fi máa tàn, ẹ́ńjìnnì ti ń fi irin ha irin. Nǹkan bíi lítà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà. Ẹni tó gbàgbé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìdajì ti lọ. Bí mo ṣe rí i, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì kì í sábà pa ara rẹ̀, àwa tí a gbàgbé rẹ̀ la máa ń pa á.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Mẹkáníìkì lè fi irinṣẹ́ wọn agbára sílíńdà, kó wá ní kò sí nǹkan tó ṣe é, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Kò tan yín jẹ. Ríìngì òkè méjèèjì ló ń mú agbára yẹn pé, wọ́n sì lè wà ní pípé nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ti dí pa. Ẹ kúkú yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ wò wọ́n. Èyí tí orí rẹ̀ bá dúdú tó sì ń dán fún ọ́ìlì, sílíńdà tirẹ̀ ló ń jẹ jù. Ẹ tún jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sídìí ọkọ̀, kó jẹ́ kó máa dún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó wá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin dúró lẹ́yìn. Èéfín tó bá ní àwọ̀ aró lára, ọ́ìlì ni. Èyí tó funfun tó sì ń tẹ̀ síwájú láìdáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó lè jẹ́ omi rédíétọ̀ ló ń wọnú iná, ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ó sì yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àgúnmu inú ike tí wọ́n ń kiri ní ilé epo fún yín. Ó ń mú ọ́ìlì nípọn fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọ́ìlì 20W-50 náà lè dín in kù díẹ̀ nínú ooru wa, ṣùgbọ́n kì í ṣí ihò tó ti dí.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ fún wa pé tí owó àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì iye tí ọkọ̀ tó, kí èèyàn gbé e jù nù. Lọ́dọ̀ tiwọn, ó bọ́gbọ́n mu, torí owó iṣẹ́ wákàtí kan níbẹ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń gbà lórí odindi iṣẹ́ lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ ọwọ́ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló wọ́n. Nígbà tí ẹ ra tiyín ní 2015, dọ́là kan ní báńkì kò tíì tó ₦200. Lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, kí 2024 tó parí ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ lè ta Camry yín lónìí ní iye tó ju èyí tí ẹ fi rà á lọ, kí inú yín sì máa dùn títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ta òmíràn fún yín.

Nítorí náà, ẹ má fi owó àtúnṣe wé iye tí ọkọ̀ yín tó. Ẹ fi wé iye tí ẹ máa fi kún un kí òmíràn tó wọ ọgbà yín, kí ẹ sì ro ìnáwó ọdún àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Táyà, báàtìrì, ṣọ́ọ̀kì, lower arm, engine seat, gáàsì AC, ìwé, pléètì nọ́ńbà: kò sí tòkunbọ̀ tí kì í béèrè díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí kí ọdún tó yípo. Lítà kan lọ́sẹ̀ méjì, lítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́dún nìyẹn. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra lítà kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èlé tí kóópù máa gbà lórí owó yẹn láàárín ọdún kan. Ẹ ó rí i pé ọ́ìlì kò tíì sọ yín di aláìní.

Ìgbà wo ni mo máa ní kí ẹ tà á? Tí gíà bá ti ń pẹ́ kó tó wọlé, tàbí tó ń yọ̀ tí ẹ bá tẹ iná sí i lórí òkè, tí ẹ́ńjìnnì tún ń jẹ ọ́ìlì, ẹ má ṣe méjèèjì papọ̀. Tí ṣáásí bá ti jẹrà, tàbí tí ọkọ̀ ti gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ jẹ́ kó lọ. Bíréèkì, ìdarí àti táyà kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Ẹ tún wọn ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá bàjẹ́, yálà ẹ fẹ́ tà á ni o tàbí ẹ ò fẹ́ tà á. Tí ọjọ́ títà bá sì dé, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Á yọ owó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín.

Èyí tí ẹ kọ kò fi ọ̀kankan nínú ìyẹn hàn. Gíà dáa, AC dáa, bọ́dì dáa, ẹ sì mọ ìtàn ọkọ̀ náà láti 2015. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ta ló mọ ìtàn tirẹ̀? Bí wọ́n bá tiẹ̀ fi agbára mú yín dé ọgbà ọlọ́kọ̀, ẹ kọ́kọ́ fa bẹ́líìtì ìjókòó awakọ̀ jáde títí ó fi tán. Lébẹ́ẹ̀lì kékeré kan máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n kọ ìgbà tí wọ́n ṣe é sí. Lára ọkọ̀ 2010, kó jẹ́ 2009 tàbí 2010. Tó bá jẹ́ 2016, tàbí tí wọ́n ti gé lébẹ́ẹ̀lì náà, ẹ béèrè ibi tí bẹ́líìtì àkọ́kọ́ lọ. Bẹ́líìtì kì í dédé pààrọ̀ ara rẹ̀. Ẹ tú kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, ẹ fọwọ́ wá ẹrẹ̀ gbígbẹ, ẹ wo bóòtù ìdí ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà: ọkọ̀ tí omi ti bò ni ìyẹn. Lẹ́yìn ìjì Harvey tó bo Houston ní 2017, rẹpẹtẹ irú wọn ni wọ́n tà ní gbàǹjo. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN), lẹ́tà àti òǹkà mẹ́tàdínlógún tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ fi wá ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó. Lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT ni ọjọ́ orí rẹ̀. 3512, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2012 ni.

Ẹni tó bá sì ní òun á bá yín gbé e wá láti Kútọnú ní owó pọ́ọ́kú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Láti January 2017 ni ìjọba ti ní ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àyàfi èbúté omi. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè gba ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, tí ẹ ti san gbogbo gbèsè kóópù lórí rẹ̀ tán.

Àwọn kan tún máa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ sọ Camry náà di oní-CNG, tó ń fi gáàsì rìn dípò epo, kí ìnáwó epo lè dínkù. Ó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ ṣe ti ọ́ìlì ná.

Bí mo bá wà ní ipò yín, ohun tí mo máa ṣe rèé. PCV tuntun lọ́sẹ̀ yìí. Oṣù méjì nídìí ìwé àti géèjì. Tó bá ṣì jẹ́ lítà kan ní 600 kìlómítà, tí kò burú sí i, ẹ máa bu ọ́ìlì lọ, lítà kan kó máa wà nínú búùtù nígbà gbogbo. Iye tí ẹ̀ bá máa san fún kóópù lóṣù, ẹ máa kó o jọ. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní August, tí ẹ kò ní lọ sí Iléṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì yẹn. Tó bá wá di pé lítà kan kò gbé e dé 300 kìlómítà kí August tó dé, ẹ má dúró dè é, torí ọ́ìlì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa pa catalyst, ẹ̀yà tó ń fọ èéfín mọ́ lára sálẹ́ńsà. Ẹ má sì gbà kí wọ́n gé catalyst yẹn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń rà á máa ń yí ká àwọn wọ́ọ̀kùṣọ́ọ̀bù, wọ́n mọ ìdí.

Písítìnnì mẹ́rin ni ẹ máa béèrè, èyí tí Toyota tún ṣe, tí ihò rẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ríìngì nìkan nínú písítìnnì àtijọ́, iṣẹ́ àṣetúnṣe ni. Ẹ fi bíárìn, síìlì fáàfù àti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kún un, kí wọ́n sì wọn sílíńdà bóyá kò tíì jẹ. Alumíníọ́ọ̀mù ni bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì yìí, ojú ihò bóòtù rẹ̀ tètè ń yọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì bóyá ó ní tọ́ọ̀kì ráńṣì, sípánà tó ń wọn iye agbára tí ọwọ́ fi de bóòtù. Ẹni tó bá ní ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tú u, ẹ wà níbẹ̀, ẹ gba písítìnnì àtijọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ wá àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ ríìngì ìsàlẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ kò bá wọlé, a ti mọ ibi tí ọ́ìlì yín ń gbà lọ. Tó bá wọlé geere, ẹ dá wọn dúró kí wọ́n má tíì dè é, kí ẹ pè mí.